Jimoh Aliu, Àwòrò Tí Ìkàrẹ́ Ní Ìpín Nínú Rẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn tí wọ́n ṣe kékeré ní Àkúrẹ́ ní àwọn ọdún 1980 pé ta ni Jimoh Aliu, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ ronú díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ Àwòrò, ẹ̀dá inú eré tẹlifíṣọ̀n Àrélù, fún wọn, kíá ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún yín bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń wo ènìyàn, àti bí ó ti ń fa ohùn yọ láti inú ikùn. Ẹni kan náà ni àwọn méjèèjì. Òṣèré tí ẹ̀dá inú eré rẹ̀ bá gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́ báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ ti wọlé sí àwọn ènìyàn lára.

Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì ni. Babaláwo ni bàbá rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe orí ìtàgé ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ Ifá tàbí bí a ti ń pe ewé lórúkọ. Pé orúkọ Mùsùlùmí ni ọmọ babaláwo yìí ń jẹ́ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní agbègbè tiwa, níbi tí ìdílé kan ti lè ní ìmáàmù, àlùfáà ìjọ àti aláwo tí gbogbo wọn ń jẹun nínú àwo kan náà lọ́jọ́ ọdún. Ní ọdún 1959, ẹgbẹ́ òṣèré Akin Ògúngbè wá ṣeré ní ìlú rẹ̀, ó sì bá wọn lọ. Ọdún méje ni ó lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ yìí. Àwọn tí wọ́n mọ bí eré alárìnjò ayé ìgbà náà ti rí yóò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí ó le ni. Ọmọ iṣẹ́ ni yóò di ẹrù sínú ọkọ̀, òun ni yóò lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri ọjà, yóò lùlù, yóò kọrin ìbẹ̀rẹ̀ eré, bí wọ́n bá sì ní kí ó ṣe olè lónìí kí ó ṣe ìyá arúgbó lọ́la, kò gbọdọ̀ ní òun kò lè ṣe é.

Ní ọdún 1966, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Ìkàrẹ́-Àkókó ni ó sì fi ṣe ibùjókòó rẹ̀. Ibí ni èmi ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jẹ́ Èkìtì jà. Wọ́n a ní àwọn ni wọ́n bí i, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tiwa ní apá Oǹdó ni ẹgbẹ́ náà ti kọ́kọ́ rìn. Yàtọ̀ sí èyí, láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976 títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 tí Èkìtì gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀, Àkúrẹ́ ni olú-ìlú gbogbo wa. Ìgbà tí òkìkí Àwòrò kàn jù lọ, ilé kan náà ni a jọ ń gbé.

Ọdún kan péré lẹ́yìn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ní 1967 tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ológun, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1975. Nígbà tí ó jáde, eré àti ère gbígbẹ́ ni ó gbájú mọ́. Mo gbàgbọ́ pé iṣẹ́ méjèèjì yìí hàn nínú eré rẹ̀ ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Ìdúró ọmọ ogun ni ìdúró rẹ̀: ẹ̀yìn tọ́, àyà wà níwájú, ẹsẹ̀ kì í ṣí lásán. Bí ó bá sì jókòó, yóò jókòó bí ère tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ tán, ojú nìkan ni yóò máa yí.

Eré Àrélù ni ó gbé e dé iyàrá olúkúlùkù wa. Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí, ní apá Ìjọ̀mú, ilé tí ó ní tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀, nítorí náà ilé ẹnì kan ni gbogbo wa máa ń dà sí. Bí iná bá lọ, a ó yọ bátìrì ọkọ̀ wá, a ó so wáyà mọ́ ọn, àwọn àgbà yóò gba orí àga, àwa ọmọdé yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn tí kò rí àyè yóò rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ kejì, a ó fi okùn so agolo mílíìkì mọ́ ìbàdí bí àdó, a ó sì máa pe ọfọ̀ tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ara wa títí ìyá ẹnì kan yóò fi gbé igi ìdáná jáde.

Gbogbo ọmọkùnrin ni ó fẹ́ ṣe Fádèyí Olóró, ọ̀dájú inú eré náà, èyí tí olóògbé Ojo Arowosafe ṣe. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ ṣe Àwòrò. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìdí rẹ̀: ipa Fádèyí ṣeé sín jẹ, nítorí ariwo, ojú pípọ́n àti ìhalẹ̀ wà níbẹ̀. Ipa Àwòrò kò ṣeé sín jẹ. Ọkùnrin náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń ka owó, yóò pe igi kan, yóò pe ẹyẹ kan, yóò dúró. Bí ó bá wá di pé ó ń yára, ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó yóò ti máa di ọwọ́ àga mú. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ní agbára kì í kánjú, ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ nìyẹn, n kò sì tíì rí ẹni tí ó ṣe é tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

N kò ní sọ pé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni kò ní àbùkù. Ìjà oògùn a máa pẹ́ jù nígbà mìíràn, ẹni burúkú a sì burú kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n òun kì í gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ fún ara rẹ̀ nìkan, bí ọ̀pọ̀ olórí ẹgbẹ́ ti máa ń ṣe. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Fádèyí ti di Fádèyí. Lọ́dọ̀ rẹ̀ náà ni ìyàwó rẹ̀ nígbà náà, Folake Aremu, ti di gbajúmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Òrìṣàbùnmi. Ó ṣe Yánpọnyánrin fún tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí ó sì ṣe fíìmù Fọpomọ́yọ̀, ó fa King Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba Òǹdó, wọ inú rẹ̀.

Ó jáde láyé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ní Adó-Èkìtì. Oṣù mẹ́rin kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí Òrìṣàbùnmi náà fi lọ, ní oṣù kìíní 2021, Fádèyí sì tẹ̀lé wọn ní oṣù kẹta 2023. Àwọn ọmọ mi bi mí léèrè ta ni wọ́n, mo sì lọ wá Àrélù lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ohun tí mo rí jẹ́ àjákù: àwòrán ń gbọ̀n, ohùn kò bá ẹnu mu. Gbọ̀ngàn Adégbémilé wà ní Alágbàká níbí, ó sì tó láti ṣe àfihàn eré náà fún alẹ́ bíi mélòó kan bí a bá rí ẹ̀dà tí ó dára. Ọ̀pọ̀ bàbá ní Àkúrẹ́ ni ó ń ká eré sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò nígbà náà. Bí irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ ibùsùn nílé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dà á nù. Ẹ fi tó mi létí, èmi ni n ó san owó tí a ó fi gbé e sínú kọ̀ǹpútà.