Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí iṣẹ́ ètò ìlú, ta ló nilẹ̀?

Mo wo àwọn máàpù tí ẹ kó wá sípàdé. Wọ́n wuni lóòótọ́: títì gbòòrò, igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọgbà ìgbafẹ́. Àmọ́ orúkọ onílẹ̀ kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọnlẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn.

Èkíní, ẹ mọ ẹni tó nilẹ̀ kí ẹ tó fa ìlà. Èkejì, ẹ mọ ibi tí àwọn èèyàn yóò máa sùn títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ̀kẹta... ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ti Darwin, torí òun ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi nílé ẹ̀kọ́.

Ìlú èbúté ni, ní ìpẹ̀kun àríwá Ọsirélíà, ibi tí reluwé láti gúúsù kò dé títí di 2004. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì 1942, ọkọ̀ òfuurufú Jàpáànù tó lé ní 180 da bọ́ǹbù bò ó láàárọ̀, àwọn mìíràn sì tún dé lọ́sàn-án. Ọkọ̀ Neptuna, tó kó ohun ìjà wá, bú gbàù létí èbúté. Ó kéré tán, èèyàn 235 ló kú.

Ogun parí, ó ku kíkọ́. Ìjọba ṣòfin ní 1945, ó fi gba ilẹ̀ àdáni ìlú náà pátá, kí ó lè tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Máàpù ti wà nílẹ̀, ó rẹwà bíi tiyín. Ìjọba ni yóò jẹ́ onílẹ̀, ará ìlú á máa sanwó ilẹ̀ fún un. Ó dáa, ta ni yóò wá fowó ara rẹ̀ kọ́lé sórí ilẹ̀ tí kò dá a lójú? Wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Èròjà ìkọ́lé náà tún wọ́n. Nínú ahéré páànù táwọn sójà fi sílẹ̀ ní Parap ni àwọn ìdílé ń gbé, tọmọdé tàgbà, nínú ooru tó lè se ẹyin, títí kọjá 1950. Àwọn ará Ṣáínà tó ń tajà lójú pópó Cavenagh láti ìran bàbá wọn padà dé, wọn ò bá ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sì rí ilẹ̀ gbà. Èyí ló dùn mí jù. Àní àwọn ọkọ̀ tó rì wà lábẹ́ omi di 1959, kí Fujita, ilé iṣẹ́ kan láti Jàpáànù, tó wá hú wọn. Ọmọ orílẹ̀-èdè tó rì wọ́n náà ló wá hú wọn!

Ẹ má rò pé ibi jíjìn nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó nípa ilé tí wọ́n wó láti 1955, tí wọ́n ní káwọn èèyàn kó lọ sí Sùúrùlérè.

Mo sọ gbogbo èyí níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Mo kọ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ilẹ̀ tí a fẹ́ tò sínú fáìlì, títí kan ìyá tó ń din àkàrà lójúde. Ọ̀gá kan tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ayàwòrán ni wọ́n gbà mí fún, kì í ṣe lọ́yà mọ̀lẹ́bí. Ilẹ̀ yẹn ṣì wà ní kóòtù dòní. Ọ̀gá ti gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ.