Ilé bàbá wa l'Ọ́ba-Ilé tá a fẹ́ tà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bíi tiwa. Owó tí bàbá ná kọ́lé la ń kà, a ò bèèrè iye tí wọ́n ń talé ládùúgbò. Òrùlé ń jò, omi ti ya máàpù sí sílìn pálọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní ká kàn kùn ún lọ́dà, òjò kan péré ó tún yọ padà! Ẹnì kan tó wá wò ó kàn gbójú sókè, ó wọ mọ́tò ẹ̀ ló bá lọ. Ti pépà ló burú jù, C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ṣì wà lórúkọ bàbá tó ti kú, a ò tíì gbàwé àṣẹ ogún ní kóòtù, bẹ́ẹ̀ láti 1978 lòfin ilẹ̀ ti ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà ilé tó ní C of O, ajẹ́ntì wa ò sọ o, kọmíṣọ̀n ẹ̀ nìkan ló ń bèèrè.