Àyẹ̀wò ọdún 2025: Òṣèlú tó wà nínú mítà àti fóònù wa

Ọdún ń lọ sópin, ọyẹ́ ti dé Àkúrẹ́, eruku sì ti bo páńẹ́lì orí òrùlé láti Ìjàpọ̀ dé Ọ̀bá-Ilé. Bí mo ṣe ń ṣírò ọdún tó ń lọ yìí, mi ò fi ọ̀rọ̀ ẹnu olóṣèlú ṣe é rárá. Mítà àti fóònù ni mo fi ṣe é, torí àwọn òfin tó kan àpò wa jù láti ọdún méjì sẹ́yìn, nọ́ńbà ni gbogbo wọn já sí lójú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iná. Ní June 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti máa ṣàkóso ọjà iná tirẹ̀. Ondo wà lára àwọn tó tètè gbà á: NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàmójútó ọjà iná, gbé àmójútó náà lé ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní OSERB lọ́wọ́. Lójú tèmi, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò gbọ́ káwọn èèyàn máa sọ tó ni pé àwáwí ti kó kúrò nílé tó wà tẹ́lẹ̀. Láyé ìjọ́sí, bí iná bá ku l'Arákàlẹ̀, ohun tá a máa ń gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ Abuja ni. Ní báyìí, iye tá à ń ra iná, ìwé àṣẹ ẹni tó ń tà á, ìyà ẹni tó bá rú òfin, ìhín l'Àkúrẹ́ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀nà ńlá tó ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń darí láti Òṣogbo, ló ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Tí ìyẹn bá wó, gbogbo wa la jọ wà lókùnkùn. Àmọ́ òkùnkùn ọjọ́ kan ò tó fi bo ti oṣù kan mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ yìí, lágbègbè Òkìtìpupa àti Ìlàjẹ, lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láìfojú kan iná ìjọba, ìbò ni wọ́n sì ń dì lọ ní gbogbo ọdún náà.

Iye owó ńkọ́? Ní April 2024 ni NERC gbé iná Band A, ìyẹn ẹgbẹ́ tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, dé ₦225 fún yúníìtì kan (iná 1,000W fún wákàtí kan). Ariwo sọ, wọ́n dín in kù, nígbà tó sì di July ọdún náà ó di ₦209.50. Ẹ fi VAT 7.5% lé e, kẹ́ ẹ wá wò ó: ₦225 náà lẹ padà bá. Nítorí náà, ẹni tó ra iná ₦10,000 lórí owó yìí, yúníìtì 44.4 ni yóò rí. Áyọ́ọ̀nù 1,000W tẹ́ ẹ fi lọ aṣọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bíi ₦113 ló jẹ. Sítóòfù iná 1,500W fún wákàtí kan, bíi ₦338. Kẹ́tù 2,000W tó hó omi ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, ₦45 péré. Ẹ rí i pé ohun tó ń gbóná ló ń jẹ owó. Gílóòbù tí ìyá àgbà ń lé ọmọdé lọ pa kiri ilé kì í ṣe ọ̀tá. Tó bá jẹ́ LED 9W, yóò tàn ju wákàtí 100 lọ kó tó jẹ yúníìtì kan.

Mítà kan tún wà táwọn èèyàn ṣì ń bá jà. Ìṣẹ́jú ni mítà tó ń lo tókìn 20-díjíìtì fi ń ka ọjọ́ orí tókìn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kíka náà kún ní 24 November 2024. Mítà tí wọn ò tíì tún ṣe kò gba tókìn tuntun mọ́ látìgbà náà. Bẹ́ ẹ bá wọ ilé tó ti ṣófo láti 2024, àmì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ẹ ra tókìn, mítà ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gba tókìn ìtúnṣe méjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ dúró kó gbà á, lẹ́yìn náà ẹ tẹ èkejì, kẹ́ ẹ tó tẹ tókìn owó. Ẹni tó bá fi tókìn owó ṣáájú, ara rẹ̀ ló ń dà láàmú. Tókìn àtijọ́ tẹ́ ẹ ti rà pamọ́ tẹ́ ò sì tíì tẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìtúnṣe, torí náà ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ bí mítà náà bá ṣì gbà á.

Ibi tí òṣèlú iná wá gbé wa dé lọ́dún yìí ni òrùlé. Gbogbo ènìyàn ló ń ra sólà, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì ń rẹ́ jẹ. Ẹ má fi ìnfátà bẹ̀rẹ̀. Ìwé àti bírò ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan: fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa 60W fún wákàtí mẹ́jọ, 960Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí). Tẹlifíṣọ̀n 50W fún wákàtí márùn-ún, 250. Gílóòbù mẹ́fà, 9W lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́fà, 324. Ẹ̀rọ Wi-Fi 12W tọ̀sán-tòru, 288. Fóònù mẹ́rin, bíi 60. Láptọ́ọ̀pù 60W fún wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án, 180. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,062Wh lójúmọ́. Èyí tó bọ́ sálẹ́ nínú rẹ̀, tí bátìrì máa dá gbé, tó bíi 1,750. Ẹ fi ohun tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un, ó di 2,000.

Wàyí o, bátìrì olómi 12V 220Ah kan, 2,640Wh ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n ìdajì ló yẹ kẹ́ ẹ máa lò kó má baà tètè kú, ìyẹn 1,320. Kò tó. Méjì ni yóò gbà. Lítíọ́ọ̀mù 25.6V 100Ah jẹ́ 2,560Wh, ẹ sì lè lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ láìbẹ̀rù, ó lé díẹ̀ ní 2,000. Ẹyọ kan náà tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣẹ́ kù fún ẹni tó bá fẹ́ fi fíríìjì kún un. Ní ti páńẹ́lì, wákàtí mẹ́rin ni mo máa ń fi ṣírò oòrùn Àkúrẹ́, màá sì yọ ìdá 30 fún ooru, eruku àti wáyà. Wákàtí mẹ́rin tá a yọ ìdá 30 kúrò nínú rẹ̀ ṣẹ́ ku 2.8; 2,062 pín sí 2.8 jẹ́ 736W. Páńẹ́lì 400W méjì ló máa ṣe é, ká sì má retí ohun ńlá lásìkò òjò.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù l'Adésidà, ẹ mú tépù ìwọnlẹ̀ dání, irú èyí táwọn káfíńtà ń lò. Oòrùn tó mú dáadáa ń gbé bíi 1,000W bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan. Páńẹ́lì tó dára lónìí sì ń yí nǹkan bí ìdá 21 nínú rẹ̀ sí iná. Nítorí náà, páńẹ́lì 400W gidi gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin méjì, bíi 1.72m gígùn ní 1.13m ìbú. Bí wọ́n bá gbé èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ gan-an sílẹ̀ fún yín, tí ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ ní 400W, ìwé yẹn ló ń parọ́, tépù kì í parọ́. Lítíọ́ọ̀mù náà, ẹ gbé e wò. 25.6V 100Ah sábà máa ń wúwo tó ogún kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọmọdé ń fi ọwọ́ kan gbé kọjá, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Níbi àsopọ̀ ni ilé ti ń jóná. Ìnfátà 12V tó ń gbé ẹrù 800W ń fa bíi 67A lára bátìrì. 24V á fa 33A péré fún iṣẹ́ kan náà. Tí ohun tó ń gba inú wáyà kọjá bá dín sí ìdajì, ooru inú rẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá fáànù kan pé kó mú 24V. Ẹ wo orí wáyà tí wọ́n dè mọ́ bátìrì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: ẹ fi ẹrù sórí ìnfátà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ pa á, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn. Tó bá gbóná ju ara wáyà fúnra rẹ̀ lọ, nọ́ọ̀tì rẹ̀ dẹ̀ ni. Ohun kejì ni bréékà. Ọ̀pọ̀ rìwáyà ló ń fi bréékà AC (irú iná tó ń wá láti òpó) tó wà lọ́wọ́ wọn sáàárín páńẹ́lì àti ìnfátà. Iná AC máa ń padà sí òdo nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló ń jẹ́ kí bréékà rẹ̀ lè pa iná tó bá fò nínú rẹ̀. DC, irú iná tó ń wá láti páńẹ́lì àti bátìrì, kì í padà sí òdo. Bréékà AC lè já síbẹ̀, kí iná máa fò nínú rẹ̀ títí ike yóò fi yọ́. Owó bréékà DC kò tó owó aṣọ ọdún ọmọ kan, ẹ má jẹ́ kí rìwáyà bá yín jiyàn lórí rẹ̀. Páńẹ́lì náà, ẹ jẹ́ kó dagun díẹ̀ sí gúúsù, bíi digíríì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí òjò lè fọ̀ ọ́. Lásìkò ọyẹ́ yìí, omi àti kàn-ìn-kàn-ìn rírọ̀ lówùúrọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì ló kù. Ẹ má ṣe é lọ́sàn-án gangan, gíláàsì tó gbóná kò fẹ́ omi tútù.

Ó yá, fóònù. Ní 20 January 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàmójútó ilé iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 kún owó wọn. SMS kúrò ní ₦4, ó di ₦6, dátà náà sì tẹ̀ lé e. Mi ò sí lára àwọn tó ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ kún un: láti 2013 ni wọn ò ti yí owó náà padà, dísẹ́ẹ̀lì sì ni òpó wọn ń mu. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé owó gorí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé ní Òkè-Àró ò gorí. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni ohun tí fóònù ń jẹ lẹ́yìn wa. Fídíò wákàtí kan ní 1080p lè jẹ tó 2GB. Ní 480p, nǹkan bí ìdajì GB ni, lójú fóònù kékeré ẹ ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Nínú WhatsApp, ẹ wọ Settings, Storage and data, kẹ́ ẹ yọ gbogbo àmì tó wà lábẹ́ "When using mobile data". Ẹgbẹ́ àdúrà àti ẹgbẹ́ ọmọ ìyá ló ń fi fídíò jẹ dátà àwọn ìyá wa, láìṣí ọ̀kan wò. Nínú Play Store, ẹ jẹ́ kí àtúnṣe máa wọlé lórí Wi-Fi nìkan. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tẹ́ ò béèrè dáwọ́ dúró, ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442.

Láti June 2025, àwọn báńkì kò yọ owó USSD (kóòdù tá a ń tẹ̀ lórí fóònù láti fi ṣe ti báńkì) lára àkáǹtì mọ́. Lára owó ìpè ló ti ń lọ, ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ kọjá ìyẹn, yóò tún ka ẹ̀ẹ̀kejì. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì sórí ìwé kẹ́ ẹ tó tẹ kóòdù. Láti 1 January 2026, ₦50 tí wọ́n ń yọ lórí ₦10,000 sókè yóò kúrò lọ́rùn ẹni tó gbowó bọ́ sọ́rùn ẹni tó fi ránṣẹ́. Kí àwọn ìyá ọlọ́jà l'Ọjà Ọba máa fojú sọ́nà fún ₦9,900 tí yóò máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì, torí oníbàárà yóò máa pín owó kó má baà san ₦50 náà.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kúrú: Windows 10 parí ní 14 October 2025. Kò ní kú lójijì, àtúnṣe ààbò ni kò ní wá mọ́, àyàfi tẹ́ ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún ọdún kan tí Microsoft fi kún un. Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀, ẹ tẹ tpm.msc, èyí tó ń fi irú ẹ̀yà ààbò (TPM) tó wà nínú rẹ̀ hàn, kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí kò bá sọ 2.0, Windows 11 kò ní gba ibẹ̀ lọ́nà tó tọ́.

Ó ku ìbò. BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, ṣiṣẹ́ rẹ̀ nínú ìbò gómìnà Ondo ti 16 November 2024, èyí tí Aiyedatiwa ti wọlé ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18. Ẹ̀rọ náà lè mọ ìka àti ojú, ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tí wọ́n fi sí ọwọ́ kejì. "Dìbò kó o sebẹ̀" ṣì wà, kò sì sí áàpù tó lè pa á. Ohun tí mo gbóríyìn fún ni IReV, ìkànnì àjọ elétò ìdìbò, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wo àwòrán ìwé èsì ibùdó ìdìbò rẹ̀. 28 ni nọ́ńbà ibùdó ìdìbò ìpínlẹ̀ wa fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyókù wà lára káàdì yín. Ìforúkọsílẹ̀ fún ìbò 2027 bẹ̀rẹ̀ ní August 2025. Ẹni tó kó wá sí Àkúrẹ́ láti Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀, tó sì ti ní káàdì, kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ìyípadà ibùdó ni kó béèrè.

Ní alẹ́ 31 December, ẹ kọ iye yúníìtì tó wà lójú mítà sílẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, ẹ fi ìwé kan há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àkókò tí iná dé, àkókò tó lọ. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni Band A. Lábẹ́ ìlànà tí NERC gbé kalẹ̀ ní 2024, ìlà tí kò bá lè fún yín ní wákàtí náà fún ọjọ́ méje léra, wọ́n gbọ́dọ̀ já a sílẹ̀ sí ẹgbẹ́ tó yẹ ẹ́, kí owó náà sì wálẹ̀. Tí ìwé yín bá pé ọjọ́ méje bẹ́ẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà mítà sókè rẹ̀, kẹ́ ẹ mú un lọ sọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, kẹ́ ẹ sì gba àmì pé wọ́n rí i. Tí wọn ò bá dáhùn, OSERB kò jìnnà, ìhín l'Àkúrẹ́ ló wà.