Àyẹ̀wò Ọdún: Jíà Ẹ̀yìn Ló Gbà Á Tán

Ọdún ń lọ sópin, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣírò ọdún yìí fún òun, jíà ẹ̀yìn Mustang ti Ford nìkan, èyí tó ń gbé agbára ẹńjìnnì dé táyà ẹ̀yìn, ni màá rí kà. Àwọn oṣù yòókù wá, wọ́n sì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ ọkọ̀ náà: LX 5.0 (ẹńjìnnì lítà márùn-ún) ti ọdún 1990, oníjíà ọwọ́, tó wà nínú gáréèjì wa ní Houston. Ẹ mọ bó ṣe dé ọwọ́ wa, ẹ sì mọ Bọ̀dá Láyí tó fi í sílẹ̀. Mi ò ní tún un rò.

Ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀, tó sì fẹ́ kí irú ọkọ̀ yìí sáré sí i, ẹ̀yìn ni kó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹńjìnnì. Ford kọ ọ́ pé 5.0 ti 1987 sí 1992 ní agbára ẹṣin 225, torque rẹ̀ (agbára tó fi ń yí nǹkan) sì jẹ́ 300 lb-ft ní 3,200 rpm (iye ìgbà tí ẹńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Agbára ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Jíà 2.73 (ṣáàfù tó ti iwájú wá ń yí ní ìgbà 2.73 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) tí wọ́n fi sí ọ̀pọ̀ nínú wọn kí epo lè dín kù ló ń dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti fi jíà gígùn gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ẹ bá gbé 3.73 síbẹ̀, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ táyà á fi nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Mi ò tíì rí kámúṣáfù (ṣáàfù tó ń ṣí fáàfù ẹńjìnnì) tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní iye owó yẹn.

Àwọn kan á ní epo á pọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Jíà karùn-ún ti T-5, gearbox inú ọkọ̀ yìí, jẹ́ 0.68. Pẹ̀lú táyà 225/60R15, 70 máìlì ní wákàtí kan á kúrò ní bíi 1,700 rpm lọ sí bíi 2,350. Ẹńjìnnì yìí kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yọ òun lẹ́nu.

Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ ka eyín. Èyí tó ní 41 lára ring gear (jíà ńlá tó rí bí òrùka) àti 15 lára pinion (jíà kékeré tó ń yí i) ni 2.73; 41 àti 11 ni 3.73. Ẹ ra bíárìn tuntun pọ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì ra crush sleeve (òrùka irin tó ń fún pọ̀ láàárín bíárìn pinion) méjì. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí stand mẹ́rin. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn kí ọ́ìlì dà. Bóòtù kékeré tó di pin inú rẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ó máa ń ṣẹ́ sínú. Ẹ rọra fi súpánà tó bá a mu gẹ́lẹ́ tú u, kẹ́ ẹ má sì dá ògbólógbòó rẹ̀ padà. Tí pin bá ti jáde, ẹ ti ṣáàfù táyà méjèèjì wọlé díẹ̀, C-clip (irin tó rí bíi lẹ́tà C, tó di ṣáàfù mú) á jábọ́, ṣáàfù á sì fa jáde. Ẹ sàmì sí cap (irin tó di bíárìn mú) méjèèjì, ọ̀tún àti òsì, torí wọn kì í ṣe pààrọ̀ ara wọn. Shim (irin pẹlẹbẹ tá a fi ń dí àlàfo) ti apá kọ̀ọ̀kan náà, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ẹ wọn shim tó wà lábẹ́ bíárìn orí pinion àtijọ́, kẹ́ ẹ fi irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tuntun. Bóòtù ring gear, 70 sí 85 lb-ft, pẹ̀lú threadlocker (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú), kẹ́ ẹ máa dì í ní ìdojúkọ ara wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ ni nọ́ọ̀tì pinion. Ó ń gbà ju 140 lb-ft lọ kí crush sleeve tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún, ẹ wá irin gígùn fún un. Ẹ dì í díẹ̀, ẹ yí pinion, ẹ wọn agbára tó gbà láti yí i, ẹ tún dì í díẹ̀. Bíárìn tuntun ń fẹ́ 16 sí 29 inch-pound. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, títú nọ́ọ̀tì sẹ́yìn ò ràn án, torí sleeve ti tẹ̀, kò sì ní tẹ bíárìn mọ́. Sleeve kejì ló kàn nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni backlash, àlàfo kékeré láàárín eyín jíà méjèèjì. Ìwé ní 0.008 sí 0.015 ínṣì, 0.010 ni mo fẹ́ràn jù. Iye shim tẹ́ ẹ bá yọ lápá kan ni kẹ́ ẹ fi kún èkejì. Dial indicator (irinṣẹ́ bí aago tó ń wọn àlàfo kékeré) tá a fi wọ̀n ọ́n, ti Bọ̀dá Láyí ni. Orúkọ wọn ṣì wà lára páálí rẹ̀, wọ́n fi báírò kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá, bíi pé ẹnìkan fẹ́ jí i. Ẹ jẹ́ ká padà sórí jíà. Ẹ kun eyín ring gear ní ọ̀dà aláwọ̀ yẹ́lò, ẹ yí i síwá sẹ́yìn. Àmì gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín. Bó bá wọ ìsàlẹ̀ eyín lọ́tùn-ún lósì, pinion ti wọlé jù, ẹ lo shim tó fẹ́lẹ́ sí i. Bó bá wà lókè ṣóńṣó, ẹ lo èyí tó nípọn sí i. Iṣẹ́ yìí kò gba ìkánjú: ẹni tó bá fo ọ̀dà yẹn, ariwo ni yóò gbọ́ lójú ọ̀nà.

Ọ́ìlì 80W-90 títí dé ojú ihò rẹ̀, pẹ̀lú ounce mẹ́rin friction modifier (èròjà tó ń mú ọ́ìlì yọ̀ sí i) bó bá jẹ́ Traction-Lok (irú èyí tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa dá yí). Láìsí èyí, á máa gbọ̀n bẹ́ ẹ bá ń yà ní kọ́nà. Ẹ wakọ̀ jẹ́jẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Fún 500 máìlì àkọ́kọ́, ẹ má fi táyà jó. Ooru ló máa ń pa eyín tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì.

Speedometer á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́: 60 á jọ 82. Bí jíà kékeré inú gearbox tó ń yí speedometer bá ní eyín méje, jíà speedometer eléyín 21 ló bá 3.73 mu. Iṣẹ́ kékeré ni, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Timing (ìgbà tí plug ń tanná nínú ẹńjìnnì) ò gba kọ́bọ̀. Ó ti ilé iṣẹ́ wá ní 10 degree. 13 dára pẹ̀lú epo octane 93. Ẹ kọ́kọ́ yọ SPOUT (ìsopọ̀ wáyà kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń darí timing), torí bó bá wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ti fi tirẹ̀ kún ohun tẹ́ ẹ ń rí. Ẹ dá a padà nígbà tẹ́ ẹ bá parí. Bí ẹńjìnnì bá ń dún kíkankíkan lábẹ́ ẹrù, ẹ dín in kù.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Dámi, tí kò bínú pé gáréèjì di ti mọ́tò. Dámi di tọ́ọ̀ṣì mú nígbà tá à ń wo àmì ọ̀dà, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó Bọ̀dá Láyí pẹ̀lú, tí wọ́n ní kí irinṣẹ́ wọn má kúrò lọ́dọ̀ wa.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, intake (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹńjìnnì) Ford Explorer 5.0 ti 1996 sí 2001 ni mo ń wá ní ọgbà àlòkù, pẹ̀lú throttle body (ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà) rẹ̀ oní 65 mm, torí tiwa jẹ́ 60. Bẹ́ ẹ bá rí heads (orí ẹńjìnnì) rẹ̀ náà, irú méjì ni wọ́n, ẹ wo ìlà tó dúró lórí igun iwájú wọn: mẹ́ta ni GT40, mẹ́rin ni GT40P. Ibi tí plug GT40P kọjú sí kò bá headers (páìpù èéfín) lásán mu. Catalytic converter (ohun tó ń dín oró inú èéfín kù) ò ní kúrò lábẹ́ ọkọ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni.

Ṣùgbọ́n bíréèkì ló ṣáájú. Dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́sàn-án péré, ọkọ̀ sì ti ń yára dé ibi tó ń lọ báyìí. Pad tuntun níwájú, ṣúù tuntun lẹ́yìn, omi bíréèkì tuntun, rọ́bà páìpù tuntun. Bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, a ó lọ wo Explorer náà.