Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó kùn ún o: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára gìtá tí mo tò nílé

Ẹ̀yin tí kíìtì gìtá yín (gìtá tẹ́ ẹ máa tò fúnra yín) ṣì wà nínú páálí, ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ̀dà. Ẹ mú tépù. Ẹ gbé bridge, irin tó di okùn mú lára igi gìtá, lé orí ihò ẹ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n láti nut, èyí tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn gìtá, dé fret kejìlá (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n láti fret kejìlá yẹn dé orí saddle, irin kékeré tí okùn gbára lé lórí bridge. Iye kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Saddle lè fi díẹ̀ lọ sẹ́yìn, àmọ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọrùn gìtá. Tẹ́ ẹ ò bá ka ìyókù, èyí ti tó.

Tèmi, irú gìtá oníná tí wọ́n ń pè ní Stratocaster ni, èyí tí bridge ẹ̀ kì í mì. Wọ́n ti lu gbogbo ihò sí i láti fáktírì, "skúrù nìkan lẹ máa dè, ẹ̀gbọ́n," ni ẹni tó tà á fún mi wí. Ó yẹ kó jẹ́ 25.5 íǹṣì láti nut dé saddle okùn tó tín-ín-rín jù, kí fret kejìlá bọ́ sí 12.75. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ṣebí ó yẹ kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò o, ta ló ń wọn ihò tí fáktírì fi ẹ̀rọ lù?

Mo fi sáńpépà ha igi náà títí apá fi ń ro mí, pẹ́ńtà ọkọ̀ kan ní Agric ló bá mi fọ́n ọ̀dà pupa sí i. Ó kọ̀ láti fọ́n ọn lọ́jọ́ tí òjò ṣú, ó ní tíńà tètè máa ń fẹ́, á mú ojú igi tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á wá bà lé ọ̀dà, ojú ẹ̀ á ṣe funfun-funfun. Àwa tá a wà ní Ikorodu tí ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ mọ bí afẹ́fẹ́ ibí ṣe máa ń rí lásìkò òjò. Mo dúró. Ó dán gbinrin nígbà tó ṣe é tán.

Mo gbé e lọ sí rìhásà lálẹ́ Sátidé, thanksgiving ku ọ̀la. Gbogbo wọn ń fọwọ́ pa á lára, àwọn ọmọdé ń ya fọ́tò. Mo tún okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe, tuner, ẹ̀rọ tó ń yẹ ohùn okùn wò, ń tan green. A bẹ̀rẹ̀ ní key F, nígbà tí mo ṣì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá nut kò sí wàhálà kankan, wọ́n wá ní kí n gba lead. Mo gòkè lọ sí fret kejìlá, mo tẹ okùn àkọ́kọ́, ohùn tó jáde ò sí nínú èyí tí keyboard ń tẹ̀, kò sì sí nínú èyí tó kàn án, àárín méjèèjì ló wà. Ẹni tó ń ta bass yíjú wò mí. Mo rò pé okùn ló tú, mo yẹ̀ ẹ́ wò, green. Mo tún gòkè, ó tún ké, gbogbo okùn ló ń ké, ohùn wọn ga ju bó ṣe yẹ lọ, bí mo ṣe ń lọ sókè ló ń burú sí i. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mummy choir gbé ọwọ́ sókè, ìlù dákẹ́. "Bùọ̀dá onígìtá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fún nǹkan yẹn lọ́tí mu ni?" Gbogbo àwọn alto bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń tẹ keyboard, tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ ní chord o, ló rọra wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ kàn bá wa yọ jack yín ná."

Mo yọ ọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn spíkà títí wọ́n fi parí, gìtá lórí itan, wọ́n sì ń kọ orin tí èmi gan-an mú wá. Ẹnì kan tún ń sọ lẹ́yìn mi pé kí ló dé tí mi ò ra tokunbọ̀, pé ẹni tí ò tíì mọ gìtá ta ló ń ṣe gìtá. Leo Fender tó gbé Stratocaster jáde ní 1954 ò mọ gìtá ta, àmọ́ mi ò dá a lóhùn.

Nílé, kò síná, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó. Mo yí saddle mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́yìn débi tí spring tó wà lẹ́yìn wọn fi sún pọ̀ tí kò lè lọ mọ́. Mo na tépù: 25 íǹṣì géérégé. Wọ́n ti jẹ ìdajì íǹṣì, saddle ti sún mọ́ ọrùn jù, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń ga. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á, ó ní àwọn ò kì í gba èyí tí wọ́n ti kùn padà. Mo tún fèsì, ó ti blọ́kì mi. Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó kùn ún?

Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Káfíńtà àdúgbò fi igi róbótó àti gọ́ọ̀mù funfun dí àwọn ihò àtijọ́, ó gbẹ, mo wọ̀n ọ́n, mo lu tuntun, ó bọ́ sípò. Orí ló bá mi ṣe é pé ẹ̀yìn bridge ni okùn tèmi ń gbà wọlé, kò gba inú igi kọjá, àì jẹ́ bẹ́ẹ̀ mo tún máa lu ihò okùn tuntun. Àpá ihò kan yọ níwájú, mo fi sítíkà bò ó, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kọ́ kejì ò jìnnà sí àkọ́kọ́: ẹ to gbogbo ẹ̀ pọ̀ ná nígbà tí igi ṣì wà láìkùn, kẹ́ ẹ so okùn àkọ́kọ́ àti ìkẹfà nìkan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n gba etí ọrùn gìtá lọ lọ́gbọọgba. Tí gìtá bá ń hùn, tẹ́ ẹ fọwọ́ kan okùn tí kò dínkù, ẹ wo wáyà tó lọ sábẹ́ bridge, ó ṣeé ṣe kó má kan irin. Tí ọyẹ́ bá dé tí ẹnu fret ń gé yín lọ́wọ́, igi ló sún kì, fáìlì kékeré ló máa yanjú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ ò bá sì tíì rà á, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á na tépù lé e lórí kó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Kí nut, fret kejìlá àti saddle hàn nínú fọ́tò kan náà o, torí wọ́n mọ fọ́tò gé.