Owó kò ní ojú

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti káàkiri Rẹ́mọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ọmọ kọ́ fún ìyá wọn pọ̀, tí ó jẹ́ pé ìyá náà àti ọmọdébìnrin kan tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú rẹ̀ nìkan ni ó ń gbé ibẹ̀, tí owó oúnjẹ àti ti oògùn sì ń wọlé lóṣooṣù láti Èkó tàbí láti Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé wọ́n ń fìyà jẹ irú ìyá bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yóò ní ìlara ni ó ń ṣe é. Lójú tèmi, irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a máa fojú sí, nítorí owó lè ra ẹja, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nínú àwọn tí ó ti pé ẹni 60 ọdún, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 6 ni wọ́n ń fìyà jẹ lọ́nà kan tàbí òmíràn láàárín ọdún kan. Kì í ṣe lílù nìkan ni wọ́n kà sí ìyà: èébú wà níbẹ̀, owó gbígbà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àìtọ́jú ẹni tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣẹ́ sábẹ́ awọ ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wá, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí awọ àgbàlagbà fẹ́lẹ́, àwọn oògùn kan sì wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ ni lóminú ni ojú ìfọwọ́mú ní apá méjèèjì, egbò ní ìdí tàbí ní gìgísẹ̀ ẹni tí a kò yí padà lórí ibùsùn, rírù tí kò ní ìdí, àti ìtàn ìṣubú tí ó ń yí padà bí a ti ń bi wọ́n. Èmi máa ń wo ojú pẹ̀lú. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ó jẹ́ pé, bí a bá bi í pé, “Màmá, ẹ ti jẹun?”, ojú ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó dáhùn. Ìyàwó mi wá rán ọmọbìnrin náà lọ ra ọṣẹ. Ìgbà náà ni ìyá sọ pé bí ó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọn kì í fún òun lómi mọ́, kí òun má bàa tọ̀ sórí ibùsùn lóru.

Kò sí ẹni tí ó lù ú. N kò tilẹ̀ rò pé ọmọbìnrin náà burú, nítorí òun nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà tọ̀sán-tòru láìsí ìsinmi. Síbẹ̀, ìyà ni. Àgbàlagbà tí kò rí omi mu tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan, kòkòrò àrùn sì lè wọ ibi ìtọ̀ rẹ̀, èyí tí yóò tún da orí rẹ̀ rú sí i. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àjẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá tí ó ń ṣarán lè jẹ́wọ́ ohunkóhun tí a bá fi sí i lẹ́nu. Kí a tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn nítorí àdúrà, ilé ìwòsàn ńlá ti OOU, ìyẹn Yunifásítì Olábísí Ọ̀nàbánjọ, wà ní Ṣàgámù, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, sì ti ní ẹ̀ka àwọn àgbàlagbà láti 2012.

Ní Rẹ́mọ, níbi tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ti gbówó lórí, ìka ọwọ́ àgbà ni wọ́n fi ń jà á lólè. Ọmọ ọmọ á gbé ìwé wá, á ní ti ìjọba ni, ìyá á tẹ̀ka, ilẹ̀ á lọ. Òfin kan wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, tí ó ní ẹni tí ó bá kọ ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un kí ó tó tẹ̀ka, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí orúkọ akọ̀wé nínú ìwé náà, ẹ gbé e lọ fún lọ́yà kí ẹ tó gbà pé ilẹ̀ ti lọ.

Òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní 2017, lágbára. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ka fífi ẹni tí a ń bọ́ sílẹ̀ láìsí oúnjẹ, àti yíya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́, sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá mú ọmọ òun? Ìdí nìyí tí mo fi gbẹ́kẹ̀ lé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ọjọ́ orí ní Ìjẹ̀bú, ju ọlọ́pàá lọ. Ẹgbẹ́ tí ó lè para pọ̀ ra aṣọ kan náà fún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá lè yan ẹni méjì-méjì tí yóò máa bẹ àwọn tí kò lè jáde mọ́ wò, láìsọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, kí wọ́n sì rí i pé àwọn bá wọn dá sọ̀rọ̀. Fóònù tí olùtọ́jú fọwọ́ mú síwájú ìyá kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún àwọn tí ó wà lókè òkun.

Ní ti ìyá àdúgbò wa, àwọn ọmọ rẹ̀ gba obìnrin kejì fún iṣẹ́ òru, wọ́n ra póò sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ọmọbìnrin àkọ́kọ́ sì ń lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Àbúrò ìyá ni káàdì báǹkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ọmọ mìíràn ni ó sì ń yẹ ìnáwó wò lóṣooṣù.