Wọ́n ní ìsàlẹ̀ ni rúùmù yẹn wà

Ó ti rẹ̀ mí gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn, torí tó bá fi máa di ọ̀la màá ti gbàgbé ìdajì ẹ̀. Àná ni màmá kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Èkìtì ni wọ́n, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti kúrò nílé, wíìlíṣíà ni wọ́n fi ń rìn látìgbà tí mọ́tò ti ṣe wọ́n léṣe léegun ẹ̀yìn. Wọ́n fẹ́ rí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, kí wọ́n tó padà. Àwọn ọmọ wọn ló pè mí, wọ́n san ìdajì owó sílẹ̀, ó wá ku kí n wá ibi tí wọ́n máa sùn, ọ̀nà tá a máa gbà àti ohun tí wọ́n máa jẹ.

Fóònù ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe ilé àlejò kan nínú Adó, mo ní ṣé ẹni tó ń lo wíìlíṣíà lè wọ rúùmù yín, mánẹ́jà ní "kò sí wàhálà, ìsàlẹ̀ ni rúùmù yẹn wà." Nígbà tá a débẹ̀ lánàá, kò parọ́ o, ìsàlẹ̀ ló wà lóòótọ́, àmọ́ àtẹ̀gùn mẹ́ta lèèyàn máa kọ́kọ́ gùn kó tó dé ìsàlẹ̀ ọ̀hún! Mo yọ tépù mi, ilẹ̀kùn báàfù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 62, bẹ́ẹ̀ 80 ni mo máa ń wá. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, ó yẹ kí n ti fojú ara mi rí i kí n tó sanwó.

Wọ́n bá pe káfíńtà. Ó gbé pákó kan wá tí wíìlíṣíà máa gbà gòkè, kò gùn ju mítà kan lọ, ó gbé e ti àtẹ̀gùn, ṣe ló dà bí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri. Mo ṣírò ẹ̀ fún wọn níbẹ̀: àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 45, sẹ̀ǹtímítà kan tó bá fi ga, 12 ló gbọ́dọ̀ fi gùn, ó di 540, ìyẹn mítà márùn-ún ó lé. Mánẹ́jà wò mí títí, ó ní "Àǹtí, ṣé NGO ni yín ni? Àbí ẹ fẹ́ bá wa wá wíìlíṣíà ọ̀fẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí Buhari bùwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe, ọdún 5 náà sì ti pé láti 2024. Ó ní ẹnikẹ́ni ò sọ fáwọn. A kẹ́rù wa lọ sílé mìíràn jàre.

Láàárọ̀ òní la mú ọ̀nà Ìyìn, Ìgèdè, Àràmọ́kọ. A dúró jẹun lójú ọ̀nà. Edé ò bá màmá lára mu rárá, tí wọ́n bá jẹ ẹ́ ọ̀fun wọn á wú. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ pé ṣé edé wà nínú ẹ̀gúsí yìí, wọ́n ní rárá. Mo ti mọ iṣẹ́ mi ṣá, mo tún un bi, mo ní ìyá, kí lẹ kó sí i látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé ìkòkò kaná? Wọ́n ń kà á: epo, ata, irú, pọ̀nmọ́, "àti edé lílọ̀ díẹ̀, kò ju ṣíbí kan lọ." Ẹ gbọ́ mi lẹ́nu! Lójú tiwọn, èyí tó bá wà lódindi nínú ọbẹ̀ nìkan ni edé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá sọ pé òun ò jẹ ẹran, wọ́n á fi pánla dá a lóhùn torí ẹja ò kúkú í ṣe ẹran. Wọn ò ní ẹ̀tàn lọ́kàn, ìbéèrè wa ni ò dáa. (Ẹni tí àlìkámà ò bá lára mu ní tiẹ̀, Èkìtì ni kó máa bọ̀, iṣu lásán ni iyán, kó ṣáà ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí màgí.) Wọ́n fi ẹ̀fọ́ tútù se òmíì fún wa nínú ìkòkò mìíràn. Nígbà tí màmá gbọ́ tí wọ́n ń pe ilé ní "ulé," wọ́n pariwo, wọ́n ní ó pẹ́ táwọn ti gbọ́ ọ.

A dé Ìkógòsì, àwọn géńdé mẹ́ta sáré wá, "ẹ jẹ́ á gbé Mọ̀ńmì!" Wọ́n ti ń na apá. Màmá ní ẹ dúró, mi ò kí í ṣe àpò ìrẹsì. Màmá fúnra wọn ló wá kọ́ àwọn géńdé náà: ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn àga ló máa ṣáájú, ẹnì kan á dì í mú lókè, ẹnì kan á dúró nísàlẹ̀, ẹ rọra. Ó gba àsìkò, àmọ́ ara wọn le lórí àga wọn.

Èyí tó ń mú wa lọ sọ ìtàn pé ìyàwó ọdẹ kan làwọn omi méjèèjì, orogún. Màmá ní èwo wá ni ìyálé, gbígbóná àbí tútù? Ọmọ náà ń họ orí.

Níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, mo ní ṣé kí n bá wọn bọ́ bàtà. Wọ́n ní kí n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, kò ní mọ ìyàtọ̀, ọwọ́ ni. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ki tòsì bọ ibi tó tutù, wọn ò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi náà ò sọ̀rọ̀. Ohun tí mo wá kọ́ níbẹ̀ ni pé omi gbígbóná báàfù náà ni kí n máa yẹ̀ wò láti òní lọ, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò mọ ooru, omi lè bó o kó má mọ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ yìí ni mánẹ́jà àná pè mí. "Àǹtí, mítà mélòó lẹ ní nígbà yẹn?" Mo ní márùn-ún ó lé. Ó dákẹ́. Ó ní ó máa gba ibi tí ọ̀gá ń páàkì mọ́tò sí o. Mo ní kó gbà á.